Ìtẹ́gun àti Ìṣọwọ́ta Nínú Ṣẹ́ẹ̀sì

Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí a máa ń gba ẹni tí ó ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, bóyá ni èyí tí ó wọ́pọ̀ ju pé kí ó yan ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ tí ó bá ìwà rẹ̀ mu. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìjà, kí ó yan èyí tí ó gbóná. Ẹni tí ó ní sùúrù, kí ó yan èyí tí ó tutù. Ìmọ̀ràn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi èdè Yorùbá gba ọmọ ilé-ìwé ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ìṣòro méjì ni a ó bá pàdé. Èkíní ni pé a kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí ẹnu gbogbo wa kò lé lórí fún ohun tí a ní kí ó yàn. Èkejì, tí ó ta kókó jù, ni pé orúkọ tí àwọn ìwé ṣẹ́ẹ̀sì ń pe àwọn ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí kì í sọ ìwà wọn. Sísílì, Spéènì, Faransé, Berlin: orúkọ ìlú àti ti orílẹ̀-èdè ni wọ́n. Ọmọ tí ó gbọ́ wọn kò lè mọ èwo ni iná, èwo ni omi. Èrò wa ni pé bí ojú ọpọ́n ti máa ń rí lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi yan ọ̀nà. Òun náà ni ó yẹ kí a wò bí a bá ń sọ ọ̀nà lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lásán. Láti 2018 ni Túndé Ọnàkọ̀yà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní ṣẹ́ẹ̀sì ní Èkó, lábẹ́ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Chess in Slums Africa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, òun fúnra rẹ̀ jókòó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York. Láàrin àwọn ọmọ tí ń kọ́ eré yìí lónìí, kò lè ṣàìsí àwọn tí Yorùbá jẹ́ èdè àkọ́sọ fún. Olùkọ́ tí yóò bá irú wọn sọ̀rọ̀ nílò ọ̀rọ̀ tí ó dá gbangba. *Èdè-Ìperí Yorùbá* tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ó dá lé. Iṣẹ́ irú rẹ̀ lórí eré ọpọ́n kù sí wa lọ́wọ́.

Kí a tó dé orí ìbẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀ múlẹ̀. *Ta* ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ó lò, bí a ti ń ta ayò. *Ọpọ́n* ni pátákó olójú 64. A sì ń *jẹ* ọmọ ẹnìkejì gẹ́gẹ́ bí a ti ń jẹ ọmọ ayò. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wà nílé, kò sí ìdí tí a ó fi lọ yá wọn níta. *Ọba*, *ayaba*, *ẹlẹ́ṣin* àti *ilé-ìṣọ́* kò ní wàhálà nínú. *Bíṣọ́ọ̀bù* ti di tiwa nípasẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti àwọn mẹ́jọ tí ó tò síwájú, *ẹlẹ́sẹ̀* ni ìbá bá wọn mu jù, nítorí jagunjagun tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣèèṣì fi àmì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo ti sọ gbogbo wọn di ẹlẹ́ṣẹ̀. *Ọmọ-ogun* ni a ó máa lò níhìn-ín.

Fún ọ̀nà ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, *ìbẹ̀rẹ̀* ni ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé àkókò nìkan ni ó ń tọ́ka sí. Kò sí ohun tí kò ní ìbẹ̀rẹ̀. *Ìjúbà* dùn, ó sì bá eré tan, ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó juni lọ ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń júbà ọ̀tá lójú ogun. *Ìtẹ́gun* ni a fara mọ́. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì ti lo *tẹ́ ogun* nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun méjì bá tò kojú ara wọn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí à ń ṣe nínú ìrìn 10 tàbí 15 àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn: a ń kó ẹlẹ́ṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jáde, a ń du àárín ọpọ́n, a sì ń fi ọba sínú odi.

*Ìṣọwọ́ta* ni a dábàá fún ọ̀nà tí olúkúlùkù ń gbà ta, ní àwòkọ *ìṣọwọ́lo-èdè* tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ti ń lò tipẹ́. Ó sàn ju *ìwà* lọ. Ìwà ni a bá lára ènìyàn. Ìṣọwọ́ta, kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ, a sì lè yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ìtẹ́gun tí gbogbo ayé gbà pé ó gbóná. Nínú rẹ̀ a ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ọmọ-ogun kan sílẹ̀ kí ọ̀tá jẹ ẹ́, kí a lè rí ààyè kọlù ú. Orúkọ tí ó ní nínú àwọn èdè Yúróòpù ti inú èdè Ítálì wá, láti ara *gamba*, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀: ọ̀nà tí oníjàkadì fi ń gbé ẹnìkejì rẹ̀ ṣubú ni. Ruy López, àlùfáà ará Spéènì, lò ó nínú ìwé rẹ̀ lórí ṣẹ́ẹ̀sì ní 1561. Àwa náà mọ ìjàkadì, a mọ bí a ti ń kọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Nítorí náà *ìkọ́lẹ́sẹ̀* kò jìnnà sí wa rárá. Nínú ìkọ́lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọba, ọmọ-ogun iwájú ọba ti ìhà méjèèjì rìn ní ojú méjì méjì, funfun wá sún ọmọ-ogun tí ó wà níwájú bíṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọba ní ojú méjì, ó fi í tọrẹ. Ohun tí ó ń rà ni ọ̀nà gbangba sí ọ̀dọ̀ ọba ọ̀tá. Ohun tí ó fi ń rà á ni ààbò ọba tirẹ̀. Ìtẹ́gun yìí ni Adolf Anderssen lò ní London ní 1851, nígbà tí ó fi bíṣọ́ọ̀bù kan, ilé-ìṣọ́ méjèèjì àti ayaba sílẹ̀ kí ó tó pa ọba Lionel Kieseritzky.

Ṣé ti àwọn alágídí nìkan wá ni? Boris Spassky fi ìkọ́lẹ́sẹ̀ yìí borí Bobby Fischer ní Mar del Plata ní 1960. Ní 1961 Fischer kọ àpilẹ̀kọ láti fi hàn pé ìtẹ́gun náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1963, òun kan náà mú funfun, ó tẹ́ ogun yìí, ó sì borí. A kò lè sọ pé ìwà Fischer yí padà láàrin ọdún méjì. Ohun tí ó rí lójú ọpọ́n ni ó tẹ̀ lé.

Àwọn ìwé a máa pín ìtẹ́gun sí ọ̀wọ́: *ìtẹ́gun gbangba*, níbi tí ọmọ-ogun iwájú ọba ti ìhà méjèèjì ti kọjú sí ara wọn, àti *ìtẹ́gun olódi*, níbi tí àwọn ọmọ-ogun iwájú ayaba ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpínsọ́wọ̀ọ́ yìí wúlò fún olùkọ́ ní ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà, ọ̀rọ̀ ọdún 2000 sì fi èyí hàn kedere. Ní London ni Vladimir Kramnik ti kojú Garry Kasparov, tí ó ti wà lórí oyè láti 1985, tí ìkọlù rẹ̀ sì ń ba gbogbo ayé lẹ́rù. Kasparov tẹ́ ogun Spéènì, èyí tí gbogbo ìwé kà mọ́ gbangba. Kramnik fi ọ̀nà Berlin dá a lóhùn. Ní ìrìn kẹjọ, ayaba méjèèjì ti kúrò lórí ọpọ́n. Ọba dúdú kò lè wọ odi mọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọlù ú nígbà tí ayaba kò sí? Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n gba ọ̀nà yìí, ọ̀mì ni ó já sí nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kasparov kò borí nínú ayò kan ṣoṣo. 8½ sí 6½ ni Kramnik fi gba oyè. Ẹ ó rí i pé yíyan ìtẹ́gun kì í ṣe ọ̀ràn ohun tí ó wù wá nìkan; ohun tí kò wu ẹnìkejì náà wà níbẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a wò, tí a ó sì sọ lórúkọ, ni *ìtò ọmọ-ogun*. Nínú ìtẹ́gun Faransé, bí funfun bá sún ọmọ-ogun rẹ̀ síwájú, àwọn ọmọ-ogun ìhà méjèèjì a so kọ́ra ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n. *Ẹ̀wọ̀n* sì ni ó yẹ kí a pè é, nítorí Yorùbá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe irin tí a fi ń de ènìyàn àti ilé tí a ń há a mọ́: ọ̀kan nínú bíṣọ́ọ̀bù dúdú há sẹ́yìn àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tí kò bá lè fara da ìhámọ́ náà kò gbọdọ̀ yan Faransé, bí ó ti wù kí ó ní sùúrù tó. Ní òdìkejì, nínú ìtẹ́gun tí Siegbert Tarrasch, dókítà ará Jámánì, gbé lárugẹ, dúdú gbà láti ní *ọmọ-ogun anìkàndúró* ní àárín. Kò ní alábàárò tí yóò gbè é, ṣùgbọ́n ó fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ààyè láti yan. Bí ayò bá pẹ́, ó di ẹrù. Bí ìjà bá tètè bẹ́, ó di ọ̀kọ̀.

Níbi tí a ti yapa díẹ̀ sí ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni ti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ọmọ tí ó ní òun kò fẹ́ ìtẹ́gun gbangba, ó lè jẹ́ pé kò tíì lè ka ìrìn mẹ́ta ṣáájú ni. Àìmọ̀ ni ó ń pè ní ìṣọwọ́ta. Bí olùkọ́ bá gbọ́ tirẹ̀, tí ó fún un ní ìtẹ́gun tí a ń pè ní London, níbi tí funfun ti lè máa to ọmọ rẹ̀ bákan náà níwájú ẹnikẹ́ni, yóò borí nínú ayò díẹ̀, àìmọ̀ náà yóò sì wà níbẹ̀. Gbangba ni kí ó kọ́kọ́ ta, kí wọ́n na án níbẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí a jọ wo àwọn ayò tí ó ti ta, kí a bi í léèrè irú ìtò tí ó ti mọ ohun tí yóò ṣe láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ìtẹ́gun kan fún ìgbà tí ó bá mú funfun, méjì fún ìgbà tí ó bá mú dúdú, ó tó o.

Ní ti orúkọ ìlú, a kò ní kí a pa wọ́n rẹ́, nítorí ẹni tí yóò ka ìwé mìíràn yóò nílò wọn. Kí a fi orúkọ ìtò tẹ̀ lé wọn ni: *Faransé ẹlẹ́wọ̀n*, *Spéènì gbangba*, *Berlin aláìláyaba*. Sísílì ni ó ṣì ń dà wá láàmú. Nínú ẹ̀ka rẹ̀ kan, funfun ń kọlu ẹ̀gbẹ́ ọba, dúdú ń kọlu ẹ̀gbẹ́ ayaba, wọ́n sì jọ ń sáré. A ti gbìyànjú *Sísílì alápá-méjì* fún èyí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka mìíràn wà tí kò sí eré sísá nínú wọn rárá, a kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ kan tí yóò gba gbogbo wọn. Inú wa yóò dùn bí olùkọ́ tàbí atúmọ̀ èdè kan bá lè fi èyí tí ó sàn jù ránṣẹ́.