Ṣé o mọ̀? Ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 3 kì í fún ni ní àyè ẹsẹ̀ bàtà 3

Ilẹ̀kùn yàrá tí ó fẹ̀ tó ínṣì 36, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 3 géérégé, kì í fi ju nǹkan bí ínṣì 34 sílẹ̀ fún ẹni tí ń kọjá, nítorí pé bí a bá ṣí i tí ó dúró ní díìgírì 90, sísanra pákó rẹ̀ ṣì ń yọ sójú ọ̀nà, igi tẹ́ẹ́rẹ́ inú férémù tí ó ń tì mọ́ a sì tún bù jẹ lára ohun tí ó kù. Òfin Amẹ́ríkà lórí ilé tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀ béèrè àyè ínṣì 32 fún àga oníkẹ̀kẹ́. Ilẹ̀kùn ínṣì 32, a jẹ́ pé kò kún ojú òṣùwọ̀n. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ẹni tí ń fi yàrá kún ilé, kí ó kọ́kọ́ wọn bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Lọ́wọ́ àwọn káfíńtà Amẹ́ríkà, ihò ògiri fún ilẹ̀kùn ínṣì 36 máa ń jẹ́ ínṣì 38.