Anthem: Bí géèmù tí a fowó rà ṣe ń kú mọ́ni lọ́wọ́

Ọjọ́ 12, oṣù Kìíní, ọdún 2026 ni ilé-iṣẹ́ Electronic Arts, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí EA, dá fún pípa àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù Anthem ró. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó ra Anthem, ìbáà tọ́jú dísìkì rẹ̀ bí ẹyin, kò lè gbá a mọ́, yálà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tàbí lóun nìkan.

Dísìkì náà kò bàjẹ́, ẹni tó rà á kò sì rúfin. Bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ló fà á, irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo ẹni tó ń náwó sórí géèmù mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Irú géèmù wo ni Anthem?

BioWare ló ṣe é. Ìlú Edmonton ní Kánádà ni wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún 1995, àwọn géèmù onítàn bíi Mass Effect àti Dragon Age ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọjọ́ 22, oṣù Kejì, ọdún 2019 ni Anthem jáde fún PlayStation 4, Xbox One àti kọ̀ǹpútà Windows.

Ìtàn rẹ̀ wáyé nínú ayé kan tí àwọn ẹ̀dá tó ń jẹ́ Shaper fi sílẹ̀ láìparí. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń dá ayé ṣì wà káàkiri inú igbó àti àpáta. Agbára inú wọn a máa ṣàdédé bú jáde, a dá ìjì sílẹ̀, a sì bí ẹranko abàmì. Inú odi ìlú Fort Tarsis ni àwọn ènìyàn forí pamọ́ sí. Àwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní Freelancer ló ń jáde lọ kojú ewu náà, nínú ẹ̀wù irin tó ń fò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ javelin. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ń gbá géèmù náà.

Oríṣi javelin mẹ́rin ló wà. Ranger mọ díẹ̀ nínú ohun gbogbo. Colossus wúwo, ó sì gbé apata. Interceptor yára, ìjà àfẹsẹ̀kòsẹ̀ ni tirẹ̀. Storm a máa léfòó lókè, a sì máa rọ̀jò iná, yìnyín àti mànàmáná. Ènìyàn mẹ́rin lè jọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni adùn rẹ̀ wà: Storm lè fi yìnyín mú ọ̀tá dì, kí Colossus wá fọ́ ọ túútúú, kí ìbúgbàù náà sì kan àwọn ọ̀tá tó wà nítòsí. Iṣẹ́ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíì ló ń parí rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi tọ́jọ́?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ló yin fífò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà láti ṣe nínú rẹ̀ kò pọ̀, ohun ìjà tí jagunjagun ń jẹ lérè kò tẹ́ni lọ́rùn, géèmù náà sì máa ń pẹ́ kí ó tó ṣí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, Jason Schreier, tó jẹ́ akọ̀ròyìn ìkànnì Kotaku nígbà náà, gbé ìròyìn gígùn jáde pé Anthem ti wà lọ́wọ́ BioWare fún bí ọdún méje, ṣùgbọ́n oṣù 18 tó kẹ́yìn ni iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Fífò tí gbogbo ayé ń yìn yẹn pàápàá, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò rí kí wọ́n tó dá a padà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n fagi lé àtúnṣe ńlá tí wọ́n ń ṣe sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2025, EA kéde ọjọ́ tí òpin yóò dé bá a.

Kí ni sáfà ń ṣe gan-an?

Ọ̀nà méjì ni irú géèmù báyìí pín sí. Àwòrán, ohùn àti igbó tí à ń fò kọjá wà lórí ẹ̀rọ tiwa nílé. Ṣùgbọ́n orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà tí ẹ̀rọ wa ń bá sọ̀rọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni àkọsílẹ̀ jagunjagun wa àti ohun ìjà tó ti kó jọ wà. Sáfà ló ń kó àwọn ènìyàn mẹ́rin jọ, òun ló sì ń rí i pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń rí. Bí ẹ̀rọ tèmi bá ní ẹranko ti kú, tí tìrẹ ní ó ṣì ń jà, eré dàrú nìyẹn.

Ìdí mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń lo sáfà. Ohun tó bá wà lórí ẹ̀rọ wa, a lè fọwọ́ yí i láti rẹ́ àwọn yòókù jẹ. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ máa ń ta ẹ̀ṣọ́ javelin fún owó gidi nínú géèmù náà tẹ́lẹ̀, kò sì fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́wọ́ oníbàárà. Àmọ́ owó ni wọ́n fi ń tọ́jú sáfà. Bí àwọn tó ń gbá a bá ti ń dín kù, a jẹ́ pé ọjọ́ tí wọn yóò pa á kò jìnnà mọ́.

Ṣé a ra géèmù náà ni?

Nínú àdéhùn tí a máa ń tẹ̀ láìkà, ìyọ̀ǹda láti lò ó nìkan ni wọ́n tà fún wa. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 ni òfin ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ti ní kí àwọn ṣọ́ọ̀bù orí ayélujára sọ èyí fún oníbàárà kedere.

Àwọn kan rí i pé sísọ nìkan kò tó. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft pa sáfà géèmù rẹ̀ The Crew ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Ross Scott, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe fídíò lórí YouTube, dá ìpolongo Stop Killing Games sílẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Keje ọdún 2025, iye àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti lé ní mílíọ̀nù kan. Wọn kò ní kí ilé-iṣẹ́ máa san owó sáfà títí ayé. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, bí wọ́n bá fẹ́ kúrò nídìí géèmù kan, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tó rà á ṣì lè gbá a.

Ohun tó ṣeé ṣe ni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Velan Studios pa sáfà géèmù rẹ̀ Knockout City lọ́dún 2023, wọ́n fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn lè gbé sórí sáfà tara wọn. Géèmù Borderlands, tó jáde lọ́dún 2009, gba ènìyàn mẹ́rin bíi ti Anthem, síbẹ̀ ẹnì kan lè dá gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Mark Darrah, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó darí iṣẹ́ Anthem, ti sọ pé ó ku oṣù díẹ̀ kí géèmù náà jáde, wọ́n ṣì ń lo sáfà abẹ́lé, ìyẹn èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tara ẹni, fún un níbi iṣẹ́.

Ìwé tí kò tà, kò sẹ́ni tó lè wá gbà á padà lórí pẹpẹ ẹni tó rà á. Ẹ̀tọ́ kan náà ló yẹ géèmù, ó sì yẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó fi ọdún gbọọrọ ṣe é. Kí òfin fi dandan lé e fún ilé-iṣẹ́ láti ṣètò bí géèmù yóò ṣe wà lẹ́yìn sáfà, kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí òfin yẹn tó dé, ẹni tó bá fẹ́ ra géèmù, kó wo ẹ̀yìn páálí dáadáa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kó mọ̀ pé ìgbà tó bá wu ilé-iṣẹ́ náà ni ohun tó rà yóò dópin.