Théodore Monod àti Ìwádìí Ìsàlẹ̀ Òkun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Théodore Monod (1902–2000) jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, onímọ̀ nípa ẹja àti àwọn ẹ̀dá inú omi, ẹni tí ó darí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IFAN ní Dakar láti ọdún 1938 títí di 1965. Àwọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀ sábà máa ń rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò orí ràkúnmí nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ṣùgbọ́n inú omi ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wà lára àwọn onímọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ inú bathyscaphe, ọkọ̀ tí a ṣe fún ibú òkun, nígbà tí wọ́n ń dán an wò nínú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìlú Rouen ni wọ́n ti bí i. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìṣẹ̀dá tí ó wà ní Paris. Ní ọdún 1924 ó ṣàpèjúwe ẹ̀dá kékeré kan tí ó bá edé àti akàn tan, tí ó ń gbé nínú omi gbígbóná tí ń sun láti inú ilẹ̀ ní Tùnísíà. Ó sọ ọ́ ní Thermosbaena mirabilis. Láàárín 1925 sí 1926 ó wà ní Kamẹrúùnù láti ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ ẹja pípa. Ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1928.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ìdí tí etíkun wa fi wu àwọn tí ń wá ibú. Ẹni tí ó dúró sórí iyanrìn lè rò pé díẹ̀díẹ̀ ni òkun ń jìn lọ títí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pèpéle kan wà lábẹ́ omi lẹ́yìn etíkun, ó tẹ́, jíjìn rẹ̀ kì í sì í sábà ju nǹkan bí 200 mítà lọ. Níbi tí pèpéle yìí bá ti parí ni ilẹ̀ ti ń dà sínú ibú tí àwọn baba wa fi fún Olókun. Ní Dakar pèpéle náà kò fẹ̀, nítorí náà ibú kò jìnnà sí èbúté. Ní Abidjan ẹ̀wẹ̀, ọ̀gbun kan tí àwọn Faransé ń pè ní Trou-sans-Fond, èyíinì ni ihò tí kò nísàlẹ̀, la pèpéle náà já títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etíkun. Ẹni tí ń gbé ní Anyama, ìlú olóbì tí ó wà ní àríwá Abidjan, lè jí ní òwúrọ̀ kí ó sì dé iwájú ọ̀gbun náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ọ̀gbun yìí ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi Vridi, tí wọ́n ṣí ní 1950 kí ọkọ̀ òkun lè wọ inú ọ̀sà, wọ́n fi ọ̀gbun náà sínú ìṣirò wọn, nítorí pé ìgbì ń wọ́ iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ọ̀gbun sì ń gbé e mì.

Bí a bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí irú ibẹ̀, ìtẹ̀ omi ni ìṣòro. Bí a ti ń lọ sísàlẹ̀ ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹrù tí omi ń dì lé wa lórí ń fi ìwọ̀n kan pọ̀ sí i, ìwọ̀n náà sì tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè orí wa. Ní 4,000 mítà, ibi tí kò tóbi ju èékánná lọ yóò ru ohun tí ó lé ní 400 kílógíráàmù. Auguste Piccard, ọmọ Switzerland tí ó ń kọ́ni ní Brussels, ti fi bàlúùnù gòkè kọjá 15,000 mítà ní 1931. Ọgbọ́n kan náà ni ó dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀. Ó rọ epo bẹntiróòlù kún àgbá ńlá kan, nítorí pé bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, ìtẹ̀ ibú kò sì lè fún un pọ̀ bí yóò ti fún afẹ́fẹ́. Ó so yàrá irin rìbìtì kan mọ́ abẹ́ àgbá náà, ènìyàn méjì ni ó sì gbà. Wóró irin ni ó ń fa ọkọ̀ náà lọ sísàlẹ̀, òòfà tí ń lo iná mànàmáná ni ó sì ń dì wọ́n mú. Bí iná bá kú lójijì, òòfà yóò tú irin sílẹ̀, ọkọ̀ yóò sì léfòó fúnra rẹ̀. Bẹ́ljíọ̀mù ni ó san owó iṣẹ́ náà, ìdí nìyí tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ fi ń jẹ́ FNRS-2, orúkọ àjọ tí ń ná owó lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní orílẹ̀-èdè náà.

Ní oṣù Kẹwàá 1948, ní erékùṣù Cape Verde, Piccard àti Monod wọ inú yàrá irin náà. Láti inú ọkọ̀ ńlá tí ó gbé e wá ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè jáde títí wọ́n óò fi gbé e padà sínú ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n lò níbẹ̀, mítà 25 péré ni wọ́n sì sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, ó dé 1,380 mítà, ó sì padà. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun ba àgbá rẹ̀ jẹ́, iṣẹ́ sì dúró. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tèmi, ìrìn-àjò yẹn kò já sí asán: nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Faransé lo yàrá irin kan náà láti ṣe FNRS-3, wọ́n ṣe ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà wọlé nígbà tí ọkọ̀ bá ti wà lójú omi.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1954, Georges Houot àti Pierre Willm fi FNRS-3 dé 4,050 mítà níwájú Dakar. Ènìyàn kankan kò tíì sọ̀kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún kan náà Monod fi ọkọ̀ yìí sọ̀kalẹ̀ kọjá 1,000 mítà. Èrè tí onímọ̀ ẹja ń wá níbẹ̀ kì í ṣe ìjìnlẹ̀ nìkan. Ẹja tí àwọ̀n bá fà gòkè láti ibú sábà máa ń ti kú, ara rẹ̀ a sì ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó mọ bí ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí bí ó ti ń dúró. Láti ojú fèrèsé kékeré ọkọ̀ náà, a lè rí i láàyè. Kí ọkọ̀ tó dé 1,000 mítà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ti tán. Bí wọ́n bá tan iná, wóró wẹ́wẹ́ yóò máa rọ̀ níwájú fèrèsé bí eérú nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó ní ẹ̀ẹ̀rùn. Òkú àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ó wà lókè ló pọ̀ nínú rẹ̀, òun sì ni oúnjẹ àwọn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀.

Monod kò fi ohun tí ó rí pa mọ́ sínú ìwé àwọn onímọ̀. Ní 1954 náà ni ó tẹ Bathyfolages jáde fún gbogbo ènìyàn. Orúkọ ìwé náà jẹ́ àwàdà: ó so ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ibú pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Faransé fún eré. Ní òpin ọdún yẹn ó gun ràkúnmí kọjá Majâbat al-Koubrâ ní aṣálẹ̀, nǹkan bí 900 kìlómítà tí kò ní kànga kan. Ìsàlẹ̀ òkun àti ilẹ̀ tí kò lómi, láàárín ọdún kan.

Kí a má gbàgbé pé ilé-iṣẹ́ ìjọba amúnisìn ni IFAN. Àwọn apẹja Lébou ti ń pa ẹja ní omi Dakar kí Faransé tó dé, ṣùgbọ́n ará Yúróòpù ni gbogbo àwọn tí a dárúkọ nínú yàrá irin yìí. Síbẹ̀ Monod mú ìlànà kan náà lò fún ẹlòmíràn: ẹni tí ó bá rí nǹkan gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Pierre Verger gba owó ìwádìí IFAN láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìsìn òrìṣà, ó fi fọ́tò ránṣẹ́, ó rò pé ó ti parí. Monod ní fọ́tò nìkan kò tó, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ńlá tí ó ti inú rẹ̀ jáde ní 1957, lórí òrìṣà àti vodun ní Bahia àti ní etíkun wa, ni àwọn onímọ̀ Yorùbá ń lò títí di òní.

Amadou Hampâté Bâ ńkọ́? Akọ̀wé ìjọba tí àwọn aláṣẹ ń fòòró nítorí ẹ̀sìn rẹ̀ ni nígbà tí Monod mú un wá sí IFAN ní 1942 láti máa kọ ìtàn àtẹnudẹ́nu sílẹ̀. Abidjan ni ó ń gbé ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù Karùn-ún 1991. Ní ọdún yẹn ni Amkoullel, ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, jáde, Monod ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀.