Omi inú Ara Aláìsàn àti Ẹ̀rọ Ayàwòrán

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n lára ẹni tí ó wà láàrin ikú àti ìyè, omi lè di ọ̀tá. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ àti kíndìnrín bí ó ti yẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ṣàn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, èémí yóò sì di ìṣòro.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Ùgáńdà, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní FEAST lórí àwọn ọmọdé 3,141 tí ibà líle ń bá jà, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò sì lọ káàkiri ara dáadáa. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2011. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n sáré fa omi sí lára, nǹkan bí 10.5 nínú 100 ni ó kú láàrin wákàtí 48. Nínú àwọn tí wọn kò sáré fà á fún, 7.3 nínú 100 ni.

Báwo, nígbà náà, ni a ṣe lè mọ ìwọ̀n tí ó tọ́? Ẹ̀rọ sikáànì ń ràn wá lọ́wọ́. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ó ń rán wọ inú ara; ìró náà ń padà wá, ẹ̀rọ a sì sọ ọ́ di àwòrán. A lè gbé e dé ẹ̀bá ibùsùn.

Ibi mẹ́ta ni oníṣègùn ń yẹ̀ wò. Èkíní ni iṣan ńlá tí ó ń kó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ ara padà sínú ọkàn. Nínú àgbàlagbà tí ó ń dá mí, bí fífẹ̀ rẹ̀ kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 2.1 lọ, tí ó sì ń fún pọ̀ ju ìdajì lọ nígbà tí ó bá fa èémí símú, ìfúnpá inú ọkàn lápá ọ̀tún kéré. Bí ẹ̀rọ bá ń bá aláìsàn mí, òfin yìí yí padà.

Èkejì ni ẹ̀dọ̀fóró. Ní ọdún 1997, Daniel Lichtenstein, oníṣègùn ará Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí omi bá rin ín, ìlà funfun yóò máa já wálẹ̀ nínú àwòrán. Mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin egungun ìhà méjì jẹ́ ìkìlọ̀, ṣùgbọ́n àrùn ẹ̀dọ̀fóró mìíràn náà lè mú un wá.

Ẹ̀kẹta ni ọkàn fúnra rẹ̀. A ó gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè, nǹkan bí mílílítà 300 ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn padà sí ọkàn. Bí ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ní ìlù kọ̀ọ̀kan bá fi 10 nínú 100 lé sí i, omi lè ṣe é láǹfààní. Bí kò bá lé, a ó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kò sí ohun tí a pàdánù. Omi tí a ti fà sí ara kò ṣeé gbà padà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ kì í túmọ̀ ara rẹ̀. Ìbéèrè tí mo gbé ka iwájú ìgbìmọ̀ wa ni èyí: bí a bá ra sikáànì fún gbogbo ilé ìwòsàn, ta ni yóò kọ́ ọwọ́ tí yóò dì í mú àti ojú tí yóò kà á?