Oníṣòwò lè gba orin ìpolówó ọjà rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé, láìra sọ́fítíwíà

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wa máa ń sọ. Ṣùgbọ́n tí oníṣòwò kékeré bá ro iye tí sítúdíò máa gbà kí wọ́n tó bá a ṣe orin kan ṣoṣo, ṣe ló máa ń pa èrò náà tì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà nínú ilé ti tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni sọ́fítíwíà kan wà tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Èyí tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Audacity. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 2000 ló sì jáde fáráyé. Ọdún 2021 ló bọ́ sọ́wọ́ iléeṣẹ́ Muse Group, síbẹ̀ ọ̀fẹ́ ló ṣì jẹ́. Open source ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ìyẹn ni pé wọn kò fi bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pa mọ́, ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó sì pín in fún ẹlòmíì. Orin tí ẹ bá fi ṣe, tiyín ni, ẹ lè tà á. Tó bá jẹ́ ìlù lẹ fẹ́ ṣe, Hydrogen àti LMMS wà, ọ̀fẹ́ làwọn náà. Kò wá sídìí fún ríra ayédèrú sọ́fítíwíà tó lè kó fáírọ́ọ̀sì bá kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ owó ọjà yín wà.

Níbo wá ló yẹ kówó lọ? Maikì àti íápíìsì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tó dákẹ́. Yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì, kọ́tìnì àti aṣọ dáa ju pálọ̀ tó ṣófo lọ, nítorí ògiri lásán máa ń dá ohùn padà. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kọ̀ǹpútà kún, kẹ́ ẹ wá pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìlù sínú Audacity, kẹ́ ẹ máa fi íápíìsì gbọ́ ọ bẹ́ ẹ ti ń kọrin, kí ìlù má baà wọnú maikì. Ẹ jẹ́ kí maikì jìnnà tó ínṣì 6 sí ẹnu. Ẹ wo ìwọ̀n ohùn lójú kọ̀ǹpútà: àárín -12 sí -6 ló dáa. Tó bá kan òdo, ohùn yóò fọ́, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í rọrùn. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kẹ́ ẹ tó kọrin, torí ibẹ̀ ni Noise Reduction ti máa mọ ariwo tó yẹ kó dín kù. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ mú èyí tó dùn jù.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ tọ́jú ẹ̀dà WAV, kẹ́ ẹ fi MP3 ránṣẹ́ sí oníbàárà. WAV ìṣẹ́jú kan máa ń tó 10MB, nígbà tí MP3 lè má ju 1MB lọ. Dátà oníbàárà kò ní tán.

Ìkìlọ̀ kan rèé o: sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kò sọ orin onílùú dọ̀fẹ́. Ẹni tó bá gbé ìlù olórin kan láìgbàṣẹ, tó wá dá orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé e, ó lè rí ìjà òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022. Bákan náà, òfin àjọ ARCON, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022, ní kí wọ́n máa yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ẹ bèèrè ohun tó kàn yín kẹ́ ẹ tó sanwó rédíò.

Ẹ má retí pé ti àkọ́kọ́ yóò dà bíi ti sítúdíò ńlá. Tí oníbàárà bá ti lè kọ nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù yín lórin láìwo ìwé, iṣẹ́ ti ṣe.