Òtẹ́ẹ̀lì etíkun ní erékùṣù Scotland: kí ló dé tó fi jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló ń pinnu èrè wọn?

Bí ẹ bá pe òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní etíkun Arran, erékùṣù kan ní ìwọ̀ oòrùn Scotland, pé ẹ fẹ́ yàrá fún ọjọ́ méjì, ẹni tó gbé fóònù kò ní pẹ́ bi yín pé ọkọ̀ wo lẹ ń bá bọ̀. Kì í ṣe mọ́tò ló ń béèrè. Ọkọ̀ ojú omi ló ní lọ́kàn, àti aago tí yóò gúnlẹ̀ sí èbúté Brodick. Ìdáhùn yín ni yóò fi mọ̀ bóyá ẹ máa bá oúnjẹ alẹ́, bóyá ó yẹ kí ẹnì kan dúró dè yín, àti bóyá yàrá náà á tilẹ̀ rí ẹni sùn sí i.

Irú òtẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹbí kan ṣoṣo. Ọkọ lè wà ní ilé ìdáná, kí ìyàwó máa gba àlejò, kí àwọn ọmọ sì máa gbé àwo nígbà tí wọ́n bá gba ìsinmi ilé ìwé. Iṣẹ́ òwúrọ̀ wọn kì í ṣe fún ẹni tí kò bá lè tètè jí: ẹyin, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, sọ́séèjì, búrẹ́dì, àti pọ́ríìjì tí wọ́n fi ọkà oat ṣe, gbogbo rẹ̀ wà nínú owó yàrá. Ẹni kan náà tó din ẹyin láàárọ̀ ló ń se ẹja lálẹ́, ìdí sì nìyẹn tí ilé ìdáná fi lè ti kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Kì í ṣe ìgbéraga. Ó rẹ̀ wọ́n ni.

Wọ́n lè mọ oúnjẹ sè, kí ibùsùn wọn mọ́ tónítóní, kí fèrèsé wọn sì kọjú sí òkun gbalaja. Síbẹ̀, ohun tó ń sọ bóyá wọ́n máa jèrè lọ́dún kan kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọwọ́ CalMac ló wà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba Scotland ni.

Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ ti wọnú ara wọn tipẹ́ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Bell ní òtẹ́ẹ̀lì ní Helensburgh, ìlú kan létí omi Clyde tí àwọn èèyàn ti ń wá wẹ omi òkun nítorí ìlera. Àlejò ni Bell ń wá, ṣùgbọ́n ìrìn àjò láti Glasgow kò rọrùn. Ló bá ní kí wọ́n kan ọkọ̀ tí ẹ̀rọ olóoru yóò máa wà, ó sì sọ ọ́ ní Comet. Lọ́dún 1812 ni ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, òun sì ni ọkọ̀ olóoru àkọ́kọ́ ní Yúróòpù tó fi kíkó èrò ṣòwò tó sì yọrí. Nígbà tí Bell ń sáré kiri nítorí ẹ̀rọ, ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó òtẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá bi mí, obìnrin yẹn ló yẹ kó ṣáájú nínú ìtàn náà. Comet forí sọ àpáta lọ́dún 1820, àmọ́ àwọn mìíràn ti ń ṣe bíi tirẹ̀. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ọkọ̀ olóoru ti ń kó àwọn ará Glasgow lọ gbafẹ́ ní àwọn erékùṣù Arran, Bute àti Cumbrae ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí ọkọ̀ bá sì ti ń gúnlẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì ti ń hù.

Port Glasgow ni wọ́n ti kan Comet. Ẹ fi orúkọ ìlú náà sọ́kàn.

Lọ́dún 2015, wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá tuntun méjì tí CalMac máa lò fún ilé iṣẹ́ akànkọ̀ Ferguson ní Port Glasgow yìí kan náà, ní £97 mílíọ̀nù. Ó yẹ kí àwọn ọkọ̀ náà ti máa ṣiṣẹ́ ní 2018. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, Nicola Sturgeon, tó jẹ́ olórí ìjọba Scotland nígbà náà, lọ síbi ayẹyẹ tí wọ́n ti ti èyí àkọ́kọ́, Glen Sannox, sínú omi. Orin dún, àtẹ́wọ́ ró. Ṣùgbọ́n àwọn fèrèsé iwájú níbi tó yẹ kí ọ̀gá ọkọ̀ máa dúró sí kì í ṣe fèrèsé rárá: ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé iṣẹ́ náà wọ gàù, ìjọba gbà á ní 2019, oṣù Kìíní 2025 ni Glen Sannox sì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà Arran. Lásìkò náà, ìkejì rẹ̀, Glen Rosa, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kàn án, owó méjèèjì sì ti kọjá £400 mílíọ̀nù.

Kò tán síbẹ̀. Èbúté Ardrossan tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Arran láti ọjọ́ pípẹ́ kò gba Glen Sannox, nítorí náà Troon ló ti ń gbéra. Wọ́n kọ́ ọ kó lè máa lo gáàsì, kí èéfín lè dínkù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tánkà ló ń gbé gáàsì náà gba orí títì láti Kent, ní gúúsù England lọ́hùn-ún. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ń gbé ẹrù náà rọ́jú, Caledonian Isles tí wọ́n kàn ní 1993, wọ ilé àtúnṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Wọ́n rí i pé irin rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì lé ní ọdún kan kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Báwo ni èyí ṣe ń kan ẹni tó ni yàrá díẹ̀ létí òkun? Bí afẹ́fẹ́ bá le tàbí tí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, CalMac á dá owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún èrò. Kò sí ẹni tó ń dá owó yàrá padà fún onílé. Yàrá tó ṣófo lálẹ́ òní ti ṣófo náà nìyẹn. Ẹ ò lè tà á lọ́la. Búrẹ́dì, mílíìkì àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ fi bọ́ àlejò, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń bá bọ̀. Àwọn àlejò àná tí kò rí ọkọ̀ padà sílé ṣì wà lórí ibùsùn tí ẹlòmíràn ti sanwó rẹ̀. Ní South Uist, erékùṣù mìíràn, ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: CalMac kó ọkọ̀ tó ń lọ sí èbúté Lochboisdale níbẹ̀ kúrò fún bí oṣù kan, nítorí ọkọ̀ kò tó káàkiri. Àwọn ará erékùṣù kó mọ́tò wọn lọ sí èbúté láti fẹ̀hónú hàn. Oṣù tí àlejò ń ya wọ̀lú gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn.

Apá kan wà tó yani lẹ́nu. Láti 2014 ni ìjọba ti dín owó ọkọ̀ Arran kù, tí wọ́n fi iye tí awakọ̀ máa ná lórí títì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Èrò pọ̀ sí i, ó sì dára fún òtẹ́ẹ̀lì. Àmọ́ owó pọ́ọ́kú yìí náà ló fa àwọn tó ń gbé bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù sínú mọ́tò ńlá wá. Wọ́n gba àyè lórí ọkọ̀, wọn ò sì yà sí òtẹ́ẹ̀lì kankan. Ará erékùṣù tó ní ìpàdé pẹ̀lú dókítà ní òdìkejì omi lè máà rí àyè fún mọ́tò rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Òṣìṣẹ́ ni ìṣòro tó tẹ̀ lé ọkọ̀. Títí di ìparí 2020, ọ̀dọ́ láti Poland tàbí Spain lè gbé báàgì rẹ̀ wá ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà láìbéèrè físà. Brexit ti pa ìyẹn rẹ́. Láti oṣù Keje 2025, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi físà òṣìṣẹ́ gbà láti òkèèrè gbọ́dọ̀ máa gba £41,700 lọ́dún, ó kéré tán, nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ tó ìpele oyè yunifásítì. Alásè kò sí nínú wọn mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan ní Ìbàdàn tàbí Èkó bá ní òun lè fi físà alásè tuntun gbé yín jápa lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Scotland, ẹ di àpò yín mú. Ẹni tí wọ́n bá sì rí gbà láti inú orílẹ̀-èdè náà lè máà rí ilé gbé, torí ọ̀pọ̀ ilé ti di ilé ìsinmi àwọn ará ìlú ńlá.

Ìjọba gbé ìrànwọ́ díẹ̀ kalẹ̀: ní 2024, wọ́n yọ owó orí ilé kúrò lọ́rùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ erékùṣù, títí dé £110,000 fún oníṣòwò kan. Lọ́dún yẹn kan náà ni òfin jáde pé ìjọba ìbílẹ̀ lè gba owó lọ́wọ́ àlejò lórí yàrá tó bá sùn. Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí owó àlejò nígbà tí ọkọ̀ kò tó, wọ́n ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Peckham ní London tàbí Glasgow, oṣù Karùn-ún dára: ilẹ̀ kì í tètè ṣú, kòkòrò kékeré tí wọ́n ń pè ní midge, tó ń jẹni bí iná, kò sì tíì pọ̀. Ẹ wọ ọkọ̀ òwúrọ̀ tàbí ti ọ̀sán, ẹ má dúró de èyí tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ní ìṣáwùrú scallop, ẹ jẹ ẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ mọyì ohun tó wà nínú òkun wọn: láti 2008 ni wọ́n ti fòfin de ẹja pípa ní apá kan òkun Lamlash, ní Arran, ibi àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Scotland, àwọn ará erékùṣù fúnra wọn ló sì jà fún un. Tó bá jẹ́ oṣù Kejìlá lẹ fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ pè: òtẹ́ẹ̀lì mìíràn máa ń tìlẹ̀kùn títí di àsìkò Ọdún Àjíǹde.