Àdìrẹ kì í rà bí ọsàn Fìdítì, àmọ́ owó lè há sínú rẹ̀

Ẹni tó bá máa ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ mọ Fìdítì dáadáa. Ọsàn ló kún ẹ̀bá títì níbẹ̀, àwọn olọ́jà a sì máa sáré bá mọ́tò. Tí ọsàn ò bá tà, wọ́n á dín owó rẹ̀ kù kó tó bàjẹ́. Oníṣẹ́ ọnà tó wà ní Fìdítì tàbí Ìlọrà kò ní irú ìpayà yẹn, nítorí àdìrẹ àti igbá fínfín kì í rà. Ewu tirẹ̀ nìyẹn. Ọjà lè wà nínú àpótí fún oṣù mẹ́fà, kí ẹni tó ni ín máa rò pé òun lówó, nígbà tí owó aró àti aṣọ ti há síbẹ̀.

Ẹ wo Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye. Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n ti bí i ní 1951, inú ẹbí rẹ̀ ló sì ti kọ́ aṣọ híhun àti aró. Ní 1983, ó dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan á ní àánú lásán ni. Àmọ́ bí ọwọ́ tó mọṣẹ́ ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ń kúrò ní ti ẹnì kan ṣoṣo tí àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì lè dá dúró. Nínú ilé alájà púpọ̀ tó ṣí ní Lẹ́kì, l'Ékòó, ní 2009, iṣẹ́ àwọn ayàwòrán mìíràn pọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká àwòrán ńlá lè ra aṣọ.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa kọ́ ilé alájà. Aṣọ ẹ̀rọ láti Ṣáínà tó jọ àdìrẹ náà ti wọ ọjà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹni tó bá ń bá a du owó pọ́ọ́kú máa jẹ gbèsè ni. Ohun tí ẹ̀rọ kò ní ni ọwọ́ tí oníbàárà fojú rí.

Ìyẹn ló mú kí ọ̀nà Fìdítì wúlò. Àwọn ọkọ̀ ti ń dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí ọsàn. Aláró Ìlọrà tó bá pa àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olọ́sàn, tó ń ta ìda sára aṣọ lójú oníbàárà, ti rí ọjà láìsan owó ìpolówó. Kó ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́: owó ìda, owó aró, owó kọ́sítíìkì sódà, àti wákàtí tó lò, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kọ sílẹ̀. Àwìn tí ẹbí bá rà náà, kó kọ ọ́ síbẹ̀.